Àpótí Irinṣẹ́ Tí Ọmọ Wa Lè Gbé Dání

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ sọ níwájú ìpàdé oṣù ti ẹ̀ka Minna

 

Ní ìpàdé tí ó kọjá, ẹ ní kí àwa Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ wá ṣàlàyé ìdí tí a fi ń béèrè owó kọ̀ǹpútà kan, nígbà tí àwọn àga gbọ̀ngàn wa ti ń ṣẹ́, tí ìbòrí tí a fi ń ṣe òde sì ti ya. Bàbá kan bi wá léèrè níbẹ̀ pé, ṣé fóònù tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ yìí kò tó wọn ni? Ìbéèrè náà dára, a kò sì fi ojú yẹpẹrẹ wò ó. Òun ni a wá dáhùn lónìí. A ó sọ ohun tí a mọ̀, a ó sì jẹ́wọ́ àṣìṣe tí àwa fúnra wa ṣe, nítorí pé àwọn tí àṣìṣe náà dùn jókòó síhìn-ín, wọ́n sì ń wò wá.

Áàpù ni ohunkóhun tí ẹ bá tẹ̀ lójú fóònù tí ó sì ṣí: èyí tí ẹ fi ń fi owó ránṣẹ́ sílé, èyí tí ẹ fi ń bá ọmọ yín tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀ ní alaalẹ́, èyí tí ẹ fi ń gbọ́ wàásù ní òwúrọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó hù láti inú ilẹ̀. Ẹnìkan ni ó jókòó tí ó ṣe é. Bí káfíńtà kò sì ti lè fi ọwọ́ lásán ṣe ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí ń ṣe áàpù kò lè fi ọwọ́ lásán ṣe é. Ilé iṣẹ́ tí ó ni ohun tí ń darí fóònù a máa kó irinṣẹ́ jọ sínú àpótí kan fún àwọn oníṣẹ́. SDK ni àwọn òyìnbó ń pe àpótí náà. Àwa ó máa pè é ní àpótí irinṣẹ́ títí ọ̀rọ̀ yìí yóò fi parí.

Ẹ jẹ́ kí a ṣí i kí a wo inú rẹ̀. Ní ti Android, tí ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù tí a ń lò ní ìlú yìí, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó rí ni àkójọ gbogbo ohun tí fóònù lè ṣe: bí a ti ń pe kámẹ́rà rẹ̀, bí a ti ń kọ nǹkan pamọ́ sínú rẹ̀, bí a ti ń to ohun tí yóò hàn lójú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni irinṣẹ́ tí ń sọ ohun tí ọmọ náà kọ di ohun tí fóònù lè lóye. Irinṣẹ́ mìíràn wà tí ń di gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí ẹrù kan ṣoṣo, bí ìgbà tí aláṣọ bá di ẹrù rẹ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀. Òmíràn a máa tẹ òǹtẹ̀ lé ẹrù náà. Òmíràn tí wọ́n ń pè ní adb ni ó ń gba inú wáyà gbé ẹrù náà láti inú kọ̀ǹpútà lọ sínú fóònù. Fóònù àfarawé kan tún wà tí ó máa ń hàn lójú kọ̀ǹpútà, kí oníṣẹ́ lè rí bí iṣẹ́ rẹ̀ yóò ti rí kí ó tó fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé irinṣẹ́ tí ń tẹ òǹtẹ̀ yẹn. A ó padà sí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní November 2007 ni Google kọ́kọ́ gbé àpótí Android jáde fún ìdánwò, ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí ó pé sì tẹ̀ lé e ní September 2008. Ní ọdún 2008 kan náà ni Apple gbé tirẹ̀ jáde fún iPhone. Ṣáájú wọn, Sun Microsystems tí ó ṣe èdè Java ní àpótí tirẹ̀ fún àwọn fóònù kékeré, irú èyí tí púpọ̀ nínú wa kọ́kọ́ rà lẹ́yìn tí GSM dé Nàìjíríà ní 2001. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó fi àpótí ti Sun ṣiṣẹ́ nígbà náà kò pọ̀ ní apá ibí.

A kò lọ sọ́dọ̀ Apple. Àpótí rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ dáadáa àfi lórí kọ̀ǹpútà tí Apple fúnra rẹ̀ ṣe, ẹni tí ó bá sì fẹ́ gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ọjà Apple a máa san 99 dọ́là lọ́dọọdún. Google ń gba 25 dọ́là, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Àpótí Android fúnra rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí ó bá ní òun ń tà á fún yín, ẹ kí i kí ẹ sì máa bá tiyín lọ.

Wàyí o, ọ̀nà méjì ni a lè gbà lo àpótí yìí, ibẹ̀ sì ni kókó ọ̀rọ̀ wa wà.

Ọ̀nà kìíní ni kí a gba gbogbo ilé iṣẹ́ náà pọ̀ mọ́ àpótí. Ilé iṣẹ́ náà ni Android Studio. Ó dára, ó tóbi, ó ní fèrèsé púpọ̀, ó máa ń tọ́ka sí àṣìṣe kí ọmọ náà tó parí ìlà tí ó ń kọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ fà á wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ju 1 GB lọ, kí a má tilẹ̀ tí ì sọ ti àwọn ohun tí yóò tún béèrè lẹ́yìn náà. Google fúnra rẹ̀ sọ pé kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ kò tó 8 GB kò tó ó lò. Àwọn kọ̀ǹpútà tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń rà ní àlòkù, 4 GB ni. Bí wọ́n bá ṣí Android Studio lórí rẹ̀, kọ̀ǹpútà náà a máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí ó gun òkè Paida tán.

Ọ̀nà kejì ni kí a gba àpótí nìkan, láìgba ilé iṣẹ́. Google ṣì ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́. Irinṣẹ́ tí a ó fi bẹ̀rẹ̀ kò tó 200 MB, òun ni ó sì ń lọ mú ìyókù wá, èyí tí a bá dárúkọ nìkan. Ọmọ náà yóò máa kọ iṣẹ́ rẹ̀ sínú ìwé kíkọ lásán tí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí ní, yóò sì máa fi ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ pàṣẹ fún irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: di èyí, tẹ òǹtẹ̀ lé èyí, gbé èyí lọ sínú fóònù. Kò rẹwà lójú. Kò sí bọ́tìnì aláwọ̀ mèremère. Ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tálákà, ọmọ tí ó bá sì gba ibẹ̀ wọlé yóò mọ ohun tí irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe.

Ẹnìkan lè sọ pé ìyà lásán ni èyí. Ẹ jẹ́ kí a rán yín létí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Android kọ́kọ́ dé, ilé iṣẹ́ mìíràn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Eclipse ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti ń lo àpótí náà. Ní 2013 Google fi Android Studio han gbogbo ayé, ó sì di odindi ní December 2014. Nígbà tí ó di June 2015, Google kéde pé bí ọdún náà bá ti parí, òun kò ní tọ́jú ohun tí ó so àpótí mọ́ Eclipse mọ́. Ẹni tí ó jẹ́ pé bọ́tìnì Eclipse nìkan ni ó mọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ni ó padà sí. Ẹni tí ó mọ irinṣẹ́ inú àpótí kàn kó wọn kúrò nínú ilé kan bọ́ sí òmíràn ni.

Àwa ọmọ Yorùbá ilẹ̀ Hausa kò nílò kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa ní èyí. Kí ogun àgbáyé kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914 ni ojú irin tí ó ti Èkó wá ti pàdé èyí tí ó ti Baro lọ sí Kano ní Minna níhìn-ín, púpọ̀ nínú àwọn tí ó sì tẹ̀ lé ojú irin náà wá, oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n. Télọ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lórí, káfíńtà gbé àpótí rẹ̀ há abíyá. Ní November 1969, nígbà tí ìjọba Gánà fún àwọn àlejò ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti ní ìwé àṣẹ tàbí kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa fi ilé sílẹ̀, wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó wà láàrin wa. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ohun tí ó lè gbé dání ni ó tètè bẹ̀rẹ̀. A kò sọ èyí láti fi dẹ́rù bà yín. Minna gbà wá, a sì ń dúpẹ́. A kàn ń sọ ìdí tí a fi fẹ́ kí ọmọ wa mọ àpótí kí ó tó mọ ilé iṣẹ́ ni.

Ohun kan náà ni ó mú kí a má fi ọkàn tán App Inventor pátápátá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a fẹ́ràn rẹ̀ fún àwọn ọmọ kékeré. Google ni ó gbé e jáde ní 2010 kí ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà tó gbà á. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè to àwọn búlọ́ọ̀kù rẹ̀ léra kí ó sì rí nǹkan lójú fóònù láàrin wákàtí kan. Ṣùgbọ́n bí a ti ń lò ó lójoojúmọ́, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó wà. Bí dátà bá tán, iṣẹ́ tán. Ilé onílé ni ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ dátà yìí gan-an, a gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa rẹ̀. A pe àpótí wa ní èyí tí ó dá dúró, ṣùgbọ́n kò dá dúró ní ọjọ́ kìíní. Irinṣẹ́ kan wà tí ń jẹ́ Gradle, tí ó ń to iṣẹ́ gbogbo lẹ́sẹẹsẹ. Bí ọmọ bá kọ́kọ́ pè é, yóò sáré lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti lọ kó gbogbo ohun tí ó nílò wá, kò sì ní béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí dátà ti kù sí. Ọmọbìnrin kan nínú àwọn ọmọ wa ra dátà tí ó yẹ kí ó lò fún ọ̀sẹ̀ kan. Gradle jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ó sunkún dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí a kọ́ níbẹ̀ ni pé ohun tí Gradle bá ti kó wá lẹ́ẹ̀kan, a máa tọ́jú rẹ̀ pamọ́, bí a bá sì pàṣẹ fún un kí ó má jáde mọ́, kò ní jáde. Láti ìgbà náà, ọmọ náà lè ṣiṣẹ́ fún odindi oṣù láìfi dátà kan ṣòfò. Ẹ̀ẹ̀kan ni ìnira náà, bí ìgbà tí a bá gbẹ́ kànga. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó nínú àwọn ọmọ wa ni ó lè dá gbẹ́ kànga tirẹ̀?

Ìdáhùn kìíní sí ìbéèrè Bàbá nìyẹn. Ìkejì ni pé Windows, Linux àti kọ̀ǹpútà Apple ni Google ṣe àpótí yìí fún. Kò ṣe é fún ojú fóònù. A mọ̀ pé àwọn ọmọ kan ń fi fóònù kọ kóòdù, a ti rí wọn. Wọ́n ń fi àtàǹpàkò méjì tẹ ohun tí ó yẹ kí ìka mẹ́wàá tẹ̀, ojú wọn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú fóònù tán. Ìgboyà wọn wú wa lórí. Kò yẹ kí á fi ìgboyà wọn ṣe àwáwí láti má ṣe nǹkan kan.

Síbẹ̀ fóònù kò jókòó lásán. Fóònù àfarawé tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ń jẹ RAM bí iná ti ń jẹ koríko gbígbẹ. Nítorí náà, kí á fi í sílẹ̀, kí á sì so fóònù gidi mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ wọ inú ètò fóònù, ẹ wá ibi tí nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀ wà, Build number ni wọ́n kọ síbẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀méje. A kò mọ ẹni tí ó kọ́ Google ní ètùtù, ṣùgbọ́n méje náà ni. Fóònù yóò sọ pé ẹ ti di oníṣẹ́, yóò sì ṣí ilẹ̀kùn ìlò wáyà USB sílẹ̀ fún adb. Fóònù tí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́, tí kò dára láti mú lọ sí òde, ó wúlò fún èyí. Bí ẹ bá ní irú rẹ̀ nílé, ẹ fún wa.

Ó tó àkókò wàyí kí a sọ ti òǹtẹ̀.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tí ó wà ní yunifásítì ṣe áàpù kan fún àwọn ìyá wa tí ń dá àjọ lọ́jà. Ìyá mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n. Áàpù náà ń kọ ẹni tí ó dá, ẹni tí kò tí ì dá, àti ẹni tí yóò kó ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ó fi àpótí lásán ṣe é, lórí kọ̀ǹpútà tí ó ti gbó. Kò gbé e lọ sí ọjà Google. Ó fi ránṣẹ́ láti fóònù dé fóònù ni. Inú wa dùn. Nínú gbọ̀ngàn yìí ni a ti pàtẹ́wọ́ fún un, a sì fún un lẹ́bùn. Kò sí ẹnìkan nínú wa, àwa Ìgbìmọ̀, tí ó bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo tí ó yẹ kí a bi í.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú àjọ. Ojú áàpù náà kọ ọ́ síwájú orúkọ ìyá kan pé "owo 2". Ọmọ náà kò fi àmì sí i. Ẹni tí ó kà á ní ọwọ́ rò pé ìyá náà ń dá ọwọ́ méjì, nítorí náà yóò kó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí ó kà á ní owó rò pé ó ti san owó ọ̀sẹ̀ méjì, ó kù sí i. Àwọn méjèèjì ka ohun tí wọ́n rí. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ bí ọ̀rọ̀ owó àjọ ti máa ń gbóná. Àwọn ọ̀rẹ́ ogún ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kí ara wọn láti ọ̀nà jíjìn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju àmì ìsàlẹ̀ méjì àti àmì ohùn kan lọ. Nínú àpótí Android, ọ̀rọ̀ tí áàpù ń sọ fún ènìyàn kì í sí láàrin kóòdù bí oníṣẹ́ bá mọ iṣẹ́ rẹ̀. Inú fáìlì kan lọ́tọ̀ ni ó ń wà. Ti Yorùbá a máa wà nínú àpò tí a kọ values-yo sí, ti Hausa nínú values-ha. Bí ẹni tí ó ni fóònù bá ti yan èdè rẹ̀, áàpù yóò bá a sọ èdè náà. Ẹ rò ó wò bí èyí ti wúlò tó ní Minna, níbi tí ìyá Yorùbá, ìyá Nupe, ìyá Gbagyi àti ìyá Hausa ti ń dá àjọ kan náà. Ọmọ náà lè ṣe àtúnṣe yìí láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Kò lè ṣe é. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti bàjẹ́ ní oṣù kan ṣáájú, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe kan, ẹni náà sì pa gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́ kí ó tó dá a padà. Kóòdù rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sọnù. Kọ́kọ́rọ́ òǹtẹ̀ ni ó sọnù.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé ohun tí èyí túmọ̀ sí. Kọ́kọ́rọ́ náà jẹ́ fáìlì kékeré kan pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀. Òun ni àpótí fi ń tẹ òǹtẹ̀ lé ẹrù. Bí áàpù bá ti wọ inú fóònù, fóònù yóò há òǹtẹ̀ náà sórí. Nígbà tí àtúnṣe bá dé, yóò fi òǹtẹ̀ tuntun wé ti àkọ́kọ́. Bí wọn kò bá bá ara wọn mu, yóò kọ̀ ọ́. Ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, olè èyíkéyìí lè gbé àtúnṣe èké wá ní orúkọ ọmọ wa kí ó sì wọ inú àjọ. Fóònù kò mọ ojú ọmọ náà. Òǹtẹ̀ ni ó mọ̀.

Nítorí náà ohun kan ṣoṣo ni ó kù: kí olúkúlùkù yọ áàpù àtijọ́ kúrò, kí ó sì gba tuntun. Bí a bá sì yọ ọ́, gbogbo ìṣirò oṣù mẹ́ta tí ó wà nínú rẹ̀ lọ nìyẹn. Alẹ́ mẹ́ta ni a fi jókòó ní ilé Ìyálóde, tí a ń fi ọwọ́ da orúkọ àti iye kọ láti ojú fóònù sínú ìwé, lábẹ́ iná fìtílà, nítorí pé iná mànàmáná kò sí. Kainji wà ní ìpínlẹ̀ wa, Shiroro wà ní ìpínlẹ̀ wa, fìtílà náà sì wà níbẹ̀. Ìyá kan wo wá títí, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ, ìwé tí ẹ ní kí n jù nù ni ẹ tún ní kí n lọ rà yìí." A kò rí èsì fọ̀.

Ọmọ náà kò ṣẹ̀ ju bí ọ̀dọ́ ti ń ṣẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí àgbà bi í ni pé, "Níbo ni kọ́kọ́rọ́ wà, ta ni ó mọ̀ ọ́n pẹ̀lú rẹ?" A kò bi í. Ẹ̀yin ìyá, ẹ forí jì wá.

Fún ẹni tí ó bá gba ọ̀nà ọjà Google, ewu náà ti dín kù. Láti August 2021, áàpù tuntun tí ó bá wọ ọjà náà, Google fúnra rẹ̀ ni ó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ òǹtẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ìfijíṣẹ́ ni ó ń wà lọ́wọ́ ọmọ, bí ó bá sì sọ ọ́ nù, ó lè béèrè òmíràn. Ṣùgbọ́n ọjà náà ní òfin tirẹ̀. Láti November 2023 ni ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀ fún ara rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ènìyàn tí yóò dán áàpù rẹ̀ wò fún ọjọ́ 14 léraléra kí wọ́n tó gbà á sí ìta. Ènìyàn 20 ni wọ́n béèrè ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní December 2024 wọ́n dín in kù sí 12. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ti fi ojú ara wọn rí bí ó ti ṣòro tó láti rí ènìyàn méjìlá tí kò ní gbàgbé. Níhìn-ín ni a ti rí i pé ẹgbẹ́ wúlò. Àwa tí a jókòó nínú gbọ̀ngàn yìí ju méjìlá lọ dáadáa. Bí ọmọ kan bá dìde pé òun ní iṣẹ́ tí a ó dán wò, kí àkọ̀wé kọ orúkọ ènìyàn méjìlá sílẹ̀ kí ìpàdé tó tú ká.

Ní ti 25 dọ́là yẹn, kí olúkúlùkù ọmọ forúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú àdírẹ́sì ímeèlì tirẹ̀. Kí a má fi ti ẹgbẹ́ ṣe é, kí a má sì lọ lo ti oníṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní ẹ̀gbẹ́ títì. Iṣẹ́ ọmọ, ti ọmọ ni.

Àwọn kan nínú yín tún dábàá pé kí a má ra kọ̀ǹpútà, kí a kàn ra fláàṣì mẹ́wàá, kí a da àpótí kọ sí i, kí a pín in fún àwọn ọmọ. A yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé àdéhùn tí ó wà nínú àpótí Android kò gbà kí a dà á kọ kí a sì pín in kiri. Fún ìpamọ́ nìkan ni ó gbà á. Flutter, àpótí mìíràn tí Google ṣe, tí ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní December 2018, àdéhùn tirẹ̀ gba pípín. Ṣùgbọ́n Flutter náà a máa béèrè àpótí Android kí ó tó lè ṣe áàpù fún fóònù Android. Àwa àlejò kò gbọ́dọ̀ fi ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ohun tí ìwé kò gbà. Nítorí náà kọ̀ǹpútà kan tí àpótí wà lórí rẹ̀, tí kì í kúrò nínú gbọ̀ngàn, tí àwọn ọmọ ń wá bá níbẹ̀, ni ó bófin mu, òun náà ni ó sì rọrùn láti tọ́jú.

Ohun tí a ń béèrè nìyí. Kọ̀ǹpútà àlòkù kan tí RAM rẹ̀ jẹ́ 8 GB. Sólà kékeré kan pẹ̀lú bátìrì tí ó lè gbé e. Owó dátà fún oṣù kìíní nìkan, láti fi gbẹ́ kànga tí a sọ yẹn. Iye rẹ̀ wà nínú ìwé tí Akápò pín. Bí ìpàdé bá fọwọ́ sí i, a ó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tí ń bọ̀. Ọmọ mẹ́fà ni yóò kọ́kọ́ wọlé, mẹ́ta ọkùnrin, mẹ́ta obìnrin. Méjì nínú àwọn ọmọ wa tí ó wà ní yunifásítì ti gbà láti kọ́ wọn láìgba owó. Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọ tí a sọ ìtàn rẹ̀. Òun ni ó fẹ́ kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ti òǹtẹ̀, ó ní kí a fi í ṣe ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Ní ti àwọn àga, a gbà pé wọ́n ń ṣẹ́. Káfíńtà wa ti wò wọ́n, ó ní mẹ́jọ ṣe é túnṣe, òun yóò sì ṣe é ní owó pákó nìkan.

Ó ku ohun kan. Áàpù àjọ tuntun ti wà lọ́wọ́ àwọn ìyá, àmì rẹ̀ sì pé. A ti fi kọ́kọ́rọ́ òǹtẹ̀ rẹ̀ sínú fláàṣì méjì, a kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ sórí ìwé, a sì di wọ́n sínú àpò ìwé méjì tí a fi ẹ̀mọ́ dì. Ìyálóde ti gba ọ̀kan, ó ti kó o sínú àpótí aṣọ rẹ̀ ní Tunga. Èkejì ṣì wà lórí tábìlì yìí. Ẹni tí yóò gbà á kò gbọdọ̀ gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú Ìyálóde, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ń rìnrìn àjò púpọ̀. Alága, a fi í lé yín lọ́wọ́ kí ẹ bá wa yan ẹni náà kí a tó kọjá sí ọ̀rọ̀ mìíràn.